Èèrà Inú Ilé àti Àyíká Rẹ̀: Èwo Nínú Àwọn Ọ̀nà Wọ̀nyí Ló Yẹ Yín?

Èèrà tí ẹ ń rí tó ń tò lórí ògiri kì í ṣe gbogbo wọn. Díẹ̀ péré nínú ará ìtẹ́ ló ń jáde wá oúnjẹ. Àwọn tó kù wà nínú ilẹ̀, nínú ògiri tàbí lábẹ́ òkúta, wọ́n ń tọ́jú ẹyin àti ọmọ. Ayaba tó ń yé ẹyin náà kì í sì í bá wọn jáde wá oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè pa èèrà láàárọ̀ títí ọwọ́ á fi ro ó, kí òmíràn sì tún tò dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ayaba kan tí wọ́n sìn, ti ẹ̀yà Lasius niger tó pọ̀ nínú ọgbà ní Yúróòpù, lo ohun tó lé ní ọdún 28 láyé. Níwọ̀n ìgbà tí ayaba bá ṣì ń mí, iṣẹ́ kò tíì parí.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ fi dán gbogbo oògùn tí wọ́n bá gbé síwájú yín wò nìyí: ṣé yóò dé ọ̀dọ̀ ayaba? Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń náwó lé lórí kì í débẹ̀. A máa ń gbà pé ó ṣiṣẹ́ nítorí pé a rí òkú èèrà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtẹ́ ti ń bí àwọn tó máa rọ́pò wọn.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ayaba, ohun mẹ́rin ni mo tún wò. Ewu ni àkọ́kọ́: ọmọ tó ń rákò, ajá, ológbò, ẹja inú dígí, àti ẹni tó ní ikọ́ fée. Lẹ́yìn náà ni àsìkò, torí oògùn tó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè ran ẹni tí èèrà ń ta lórí ibùsùn lọ́wọ́ lálẹ́ òní. Ẹ̀kẹta ni owó, kì í sì í ṣe iye tí ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan nìkan, bí kò ṣe iye ìgbà tí ẹ máa tún un rà láàárín ọdún kan. Ẹ̀kẹrin ni ibi tí ìtẹ́ wà. Oògùn tó dára fún òkìtì inú ọgbà lè má wúlò rárá fún ìtẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó dé

Ó lé ní 14,000 ẹ̀yà èèrà tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló sì ń yọ èèyàn lẹ́nu nínú ilé. Ẹ kò nílò láti mọ orúkọ tiyín, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó jáde lápò.

Ṣé èèrà ni lóòótọ́? Nígbà tí wọ́n bá hu ìyẹ́, ikán àti èèrà máa ń jọra. Ìbàdí èèrà tín-ín-rín, ìwo orí rẹ̀ tẹ̀ láàárín, ìyẹ́ iwájú rẹ̀ sì gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ti ikán yàtọ̀: ìbàdí rẹ̀ kò hàn, ìwo rẹ̀ tọ́, ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Bó bá jẹ́ ikán, kò sí ohun tí mo kọ síbí tó máa yanjú rẹ̀. Ẹ tètè wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ikán, torí igi ilé ni wọ́n ń jẹ.

Kí ni wọ́n ń wá? Ẹ kán omi ṣúgà sórí bébà kékeré kan, kí ẹ fi òróró díẹ̀ sórí òmíràn, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń tò, kí ẹ sì padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Èyí tí wọ́n bá pé lé lórí ló máa sọ irú ìjẹ tí ẹ máa rà, ìyẹn oúnjẹ olóró tí a fi ń dẹ èèrà. Ìdánwò yìí kò gba owó, mo sì gbà pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀, nítorí èèrà tó ń wá ọ̀rá kò ní yà sí ìjẹ oníṣúgà bó ti wù kó lágbára tó. Ohun tí wọ́n ń wá tún máa ń yí padà. Nígbà tí ọmọ bá pọ̀ nínú ìtẹ́, wọ́n á máa lépa ẹran àti ọ̀rá. Nígbà mìíràn ohun dídùn ni wọ́n á máa wá kiri.

Báwo ni wọ́n ṣe rí? Bí wọ́n bá kéré gan-an, tí gígùn wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, tí àwọ̀ wọn pọ́n bí oyin, tí wọ́n sì ń yọ láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí etí páìpù omi gbígbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Monomorium pharaonis, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn kárí ayé mọ̀ dáadáa. Ẹ ṣọ́ra fún un, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Bí wọ́n bá tóbi, tí ẹ sì ń rí ìyẹ̀fun igi kéékèèké lábẹ́ férémù ilẹ̀kùn tàbí òrùlé, wọ́n ń gbẹ́ igi láti fi ṣe ilé ni. Wọn kì í jẹ igi náà, àmọ́ igi tí omi ti wọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yàn. Ẹ wá ibi tí omi ti ń jò, torí bí ẹ kò bá tún un ṣe, wọ́n á padà.

Ìjàlọ ní tiwọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kì í kọ́lé sójú kan pẹ́, wọ́n ń kọjá lọ ni, wọ́n sì máa ń jẹ kòkòrò inú ilé tí wọ́n bá gbà kọjá. Ẹ gbé ọmọdé, aláìsàn àti ẹran tó wà lórí ìso kúrò lọ́nà wọn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.

Omi ọṣẹ àti fínígà

Èyí ló wọ́n kéré jù, òun náà sì ni ewu rẹ̀ kéré jù. Èèrà tó bá rí oúnjẹ máa ń fi òórùn kan sàmì sílẹ̀ bó ṣe ń padà sílé, òórùn yẹn làwọn tó kù ń tẹ̀ lé. Omi ọṣẹ ń pa àwọn tó bá kàn, ó sì ń fọ àmì náà dànù. Fínígà tí a lú pọ̀ mọ́ omi náà ń pa òórùn rẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìlà tó gùn yẹn á tú ká.

Kò dé ọ̀dọ̀ ayaba rárá. Ọjọ́ kejì, bí oúnjẹ bá ṣì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn á tún ọ̀nà là. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èèrà mélòó kan, tí wọn kò tíì mọ ilé náà dáadáa. Ó dára pẹ̀lú fún ìmọ́tótó lẹ́yìn tí ìjẹ bá ti pa ìtẹ́. Bí ẹ bá ti gbé ìjẹ kalẹ̀, ẹ má fọ ọ̀nà wọn. Ẹ fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ọ̀sàn wẹ́wẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí àti àwọn èròjà olóòórùn mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n lè mú kí èèrà yà gba ibòmíràn fún wákàtí díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń sọ pé bí èèrà bá jẹ àgbàdo lílọ̀ tàbí ìyẹ̀fun, ikùn rẹ̀ á wú títí á fi bẹ́, kì í ṣòótọ́. Èèrà tó ti dàgbà kì í gbé oúnjẹ líle mì.

Oògùn fífín inú agolo

Òun lọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, torí ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tó pọ̀ jù nínú àwọn agolo yìí jẹ́ ẹbí pyrethroid: cypermethrin, permethrin, deltamethrin àti irú wọn. Èèrà tó bá kàn á kú. Èyí tí kò kàn á gbóòórùn rẹ̀, á sì sá. Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí èèrà tó sá kò gbé oògùn kankan lọ sílé, ó kàn wá ọ̀nà mìíràn gbà ni.

Fún àwọn tó ní ayaba púpọ̀ nínú ìtẹ́ kan, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Monomorium pharaonis tí mo dárúkọ lókè máa ń pín nígbà tí wọ́n bá fín oògùn sí i: ayaba kan á kó òṣìṣẹ́ díẹ̀ àti ọmọ, wọ́n á lọ tẹ̀dó sí yàrá mìíràn. Ìtẹ́ kan á di mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tó ní èèrà yìí nílé tó sì ń fín oògùn lójoojúmọ́, ó ń fi owó ara rẹ̀ tan èèrà káàkiri ilé ni.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Permethrin lè pa ológbò, gbogbo ẹbí pyrethroid sì lágbára lórí ẹja. Ẹ bo dígí ẹja, kí ẹ pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ẹ kó ohun jíjẹ kúrò, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì jáde síta títí á fi gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní ikọ́ fée, èmi kò ní yan èyí.

Síbẹ̀ ó ní àyè tirẹ̀. Bí èèrà abìyẹ́ bá tú jáde látinú ihò kan lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí àwọn tó ń ta ti dé ibi tí ọmọ ń sùn sí, ẹ lo ó, ó yá. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ náà nìkan ló bá yín yanjú.

Oògùn kan tún wà tí kò ní òórùn tí èèrà ń sá fún, tí fipronil jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èèrà á rìn kọjá lórí rẹ̀ láìfura, á sì fi ara kó o bá àwọn tó kù. Àwọn tó ń fi pípa kòkòrò ṣiṣẹ́ ṣe sábà máa ń fín in yí ìpìlẹ̀ ilé ká lóde. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ ka ìwé ara rẹ̀ dáadáa, torí ó lè ṣàkóbá fún oyin àti ẹja.

Lẹ́búlẹ́bú

Méjì ló wọ́pọ̀. Diatomaceous earth ni eegun àwọn ohun abẹ̀mí inú omi tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ayébáyé. Kì í ṣe májèlé. Ó ń fa ọ̀rá tó bo ara èèrà, ara rẹ̀ á sì gbẹ títí á fi kú. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀. Bí omi bá kàn án, kò ṣiṣẹ́ mọ́ àfi tó bá gbẹ padà, nítorí náà etí síńkì àti ìta tí òjò ń dé kọ́ ni àyè rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ti kòkòrò ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́ ní sílíkà tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Kódà èyí tó dára pàápàá, ẹ bo imú kí ẹ tó bù ú.

Èkejì ni boric acid ẹlẹ́bú. Ó jẹ́ májèlé tó ń ṣiṣẹ́ nínú ikùn. Èèrà á rìn lórí rẹ̀, á fi ẹnu tún ara ṣe, á sì gbé e mì. Ó ń pẹ́ gan-an níbi tó gbẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa méjèèjì ni pé a máa ń dà á jọ bí òkìtì. Èèrà á yà fún òkìtì. Ìpele tó fẹ́lẹ́ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ló dára, ibi tí ọwọ́ ọmọ kò dé ló sì yẹ ẹ́: inú ihò ògiri, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ fíríìjì, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná pátápátá. Bí ìtẹ́ bá wà nínú ihò ògiri kan tí ẹ sì lè fẹ́ ẹ wọ inú rẹ̀ gan-an, ó lè dé ọ̀dọ̀ ayaba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, odi lásán ni.

Ìjẹ olóró

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí nínú gbogbo ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, òun nìkan ni èèrà fúnra rẹ̀ ń gbé lọ bá ayaba.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Òṣìṣẹ́ tó bá rí ohun dídùn á mu ún sínú, á padà sílé, á sì máa fi ẹnu pọ̀ ọ́ fún àwọn tó kù, láti ẹnu dé ẹnu. Èyí tó bá líle, àwọn ọmọ ni wọ́n á gbé e fún, ọmọ á sọ ọ́ di omi, á sì fún àwọn àgbà jẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun tí èèrà kan rí ti dé ikùn ọ̀pọ̀ ará ilé, títí kan ayaba. Bí oògùn inú rẹ̀ bá ń pa kíákíá, òṣìṣẹ́ á kú lójú ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, níbí, oògùn tó ń falẹ̀ ló dára. Boric acid, hydramethylnon, indoxacarb, abamectin àti spinosad wà nínú àwọn tí wọ́n ń lò. Pyriproxyfen àti methoprene kì í pa àgbà. Wọ́n ń ṣèdíwọ́ fún ẹyin àti ọmọ ni, ìtẹ́ á sì máa gbó lọ títí kò fi sí arọ́pò. Èyí lè gba oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà tà á. Èyí tó jẹ́ omi tàbí tó ki bí oyin dára fún èèrà tó yan ṣúgà nínú ìdánwò yín. Èyí tó jẹ́ hóró tí wọ́n fi òróró pò dára fún àwọn tó ń wá ọ̀rá, pàápàá lóde. Èyí tó wà nínú àpótí kékeré tó ti dí, tí èèrà nìkan lè wọ̀, ló dára jù fún ilé tí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn wà, àmọ́ ó máa ń wọ́n díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ po ó fúnra yín, ìwọ̀n tí ìwádìí fi hàn pé ó dára fún èèrà tó fẹ́ràn dídùn ni boric acid ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlàjì líta omi, gíráàmù 50 ṣúgà, gíráàmù 5 boric acid. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú bù ú. Ọ̀pọ̀ ń fi kún un nítorí wọ́n rò pé yóò yára, àmọ́ bó bá le jù, èèrà á kọ̀ ọ́ tàbí kó kú kó tó délé. Borax náà ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kéré díẹ̀. Ẹ fi òwú rẹ omi náà, ẹ kó o sínú ike kékeré tó ní ìdérí, ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, kí ẹ sì kọ MÁJÈLÉ sí i gàdàgbà. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu láéláé, torí omi dídùn ni, ọmọdé á mu ún.

Bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń tò, kó súnmọ́ ihò tí wọ́n ń gbà wọlé, kì í ṣe lórí ibi tí ẹ ń gé oúnjẹ sí. Ẹ palẹ̀ oúnjẹ mìíràn mọ́ kó má bàa bá a du àyè. Ẹ má fín oògùn kankan nítòsí rẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ tó ń run tábà tàbí oògùn mú un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèrà á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ni sùúrù ti máa ń tán, tí èèyàn á gbé agolo, á fín gbogbo wọn, á sì ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n ń gbé e lọ sílé.

Ẹ tún un rọ nígbà tó bá gbẹ. Ìtẹ́ kékeré lè dákẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó ní ayaba púpọ̀, bí èèrà Ajẹntínà, Linepithema humile, lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì tí wọ́n sì pa á tì, ẹ tún ìdánwò ṣúgà àti òróró ṣe, ó ṣeé ṣe kí ọ̀fun wọn ti yí padà. Ìjẹ olóròóró tó ti pẹ́ nílé máa ń kan, wọn kò sì ní fọwọ́ kàn án.

Òkìtì inú ọgbà: omi gbígbóná tàbí ìjẹ tí a fọ́n

Fún èèrà tó ń ta bí iná tó sì ń kó òkìtì jọ sórí koríko, omi tó hó ni ọ̀nà tí kò ní oògùn nínú. Nǹkan bíi líta 10 sí 12 ni òkìtì kan máa ń gbà. Òwúrọ̀ tó tutù tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ló dára jù, torí ìgbà yẹn ni ayaba àti ọmọ máa ń gòkè wá yáná nítòsí ojú ilẹ̀. Nínú òkìtì mẹ́wàá, ó lè pa bíi mẹ́fà. Àwọn tó kù á ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń pa koríko àti gbòǹgbò, ó sì lè bó ẹni tó ń gbé e. Ẹ wọ bàtà tó gun ẹsẹ̀, kí ọmọ má sì sí nítòsí.

Bí òkìtì bá pọ̀, mo fara mọ́ fífọ́n ìjẹ oníhóró káàkiri gbogbo ọgbà ju kí ẹ máa gbé omi kiri lọ. Ẹ kọ́kọ́ ju ohun olóròóró kékeré kan sílẹ̀. Bí èèrà bá bò ó láàárín ìlàjì wákàtí, wọ́n ń jẹun, ẹ fọ́n ọn. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, òjò kò sì gbọ́dọ̀ rọ̀ ní wákàtí 24 tó tẹ̀ lé e. Nígbà ooru, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn. Òkìtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà tàbí níbi tí ọmọ ń ṣeré nìkan ni kí ẹ wá fi omi gbígbóná pa lọ́tọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ bá ti fọ́n ìjẹ.

Ẹ wo igi àti òdòdó yín pẹ̀lú. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé máa ń yọ omi dídùn, èèrà sì ń dáàbò bò wọ́n nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá fi omi ọṣẹ fọ kòkòrò náà kúrò, ìdí tí èèrà fi ń gun igi á dín kù.

Dídí ihò àti dídá omi tó ń jò dúró

Kì í pa èèrà kankan, àmọ́ kò sí ohun tó tó o fún ìgbà pípẹ́. Sílíkóònù fún etí fèrèsé àti páìpù, sìmẹ́ǹtì fún ibi tí ògiri sán, rọ́bà fún abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ gé ẹ̀ka tó kan òrùlé. Ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ń kán ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó náwó rẹ̀. Ẹ má dí ihò tí wọ́n ń gbà lọ síbi ìjẹ títí ìtẹ́ á fi kú.

Ohun tí èmi kò ní yàn

Oògùn oko tí wọ́n rọ sínú ìgò kékeré láìsí ìwé lára. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kò mọ ìwọ̀n, wọn kò sì ṣe é fún yàrá tí èèyàn ń sùn sí. Ṣọ́ọ̀kì apakòkòrò náà wà níbẹ̀: deltamethrin ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó jọ ṣọ́ọ̀kì tí ọmọ fi ń kọ̀wé, EPA, àjọ tó ń bójú tó ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má rà á. Bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì tí wọ́n ń dà sínú òkìtì lè gbiná, ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì lè dé omi kànga.

Kí ẹ pe ẹni tó ń fi pípa kòkòrò ṣiṣẹ́ ṣe

Òun ló wọ́n jù, nígbà mìíràn òun náà ló sì tọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè irú èèrà tó rò pé ó jẹ́, orúkọ oògùn tó fẹ́ lò, ìgbà tí ẹ lè padà wọlé, àti bóyá yóò padà wá bí wọ́n bá tún yọjú. Ẹni tí kò bá wo ibi tí wọ́n ń gbà wọlé tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í po oògùn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ẹ bá ti fura sí Monomorium pharaonis, ẹni tó bá ní òun máa fín gbogbo ilé kọ́ ni ẹ ń wá. Ẹni tó máa gbé ìjẹ ni.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń gbé yàrá àyágbé, tí èèrà mélòó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti ìta: omi ọṣẹ, kó sì dí ihò. Bí wọ́n bá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó lọ ra ìjẹ.

Ilé tó ní ọmọ tó ń rákò tàbí ajá: ìjẹ inú àpótí tó dí, kó wà lẹ́yìn ohun tó wúwo. Kí wọ́n má po tiwọn nílé. Ẹni tó ní ológbò tàbí ẹja, kó jìnnà sí agolo.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tí kò sì sí ọmọdé nílé rẹ̀: boric acid àti ṣúgà, pẹ̀lú sùúrù. Kò sí ohun tó dín owó jù ú lọ tó tún ń dé ọ̀dọ̀ ayaba.

Èèrà kékeré aláwọ̀ oyin nínú ilé tí ìdílé púpọ̀ jọ ń gbé: ìjẹ nínú gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo ayálégbé fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa fín oògùn. Bí ẹnìkan bá yapa, wọ́n á kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì padà. Ẹ pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bó bá ṣeé ṣe.

Ẹni tó rí ìyẹ̀fun igi: kó wá ibi tí omi ń jò, kó sì pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Ọgbà tó kún fún òkìtì: ìjẹ tí a fọ́n. Òkìtì kan tàbí méjì: omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú ilé bá ti wú lójú rí, tàbí tí mímí ti ṣòro fún un rí lẹ́yìn tí èèrà ta á, kó má súnmọ́ òkìtì náà rárá, kí ẹlòmíràn bá a ṣe é. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí èèrà rẹ̀ wà nídìí igi lẹ́yìnkùlé, tí kì í ta èèyàn, tí kò sì wọlé: kó fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń pa ikán àti àwọn kòkòrò mìíràn jẹ, wọ́n sì ń tú ilẹ̀ fún gbòǹgbò. Kó kàn gé ẹ̀ka tó bá kan ògiri.